Bàbá Albert àti Bọ́ọ̀sì Tí Kì í Dé Lásìkò

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ẹ dárúkọ Bàbá Albert Odùnúgà, awakọ̀ ìjọ tó ṣaláìsí lọ́dún tó kọjá, ẹni àkọ́kọ́ tó bá gbọ́ yóò mí kanlẹ̀, yóò sì sọ fún yín nípa ọjọ́ tó já ọgbọ̀n èèyàn sílẹ̀ sínú oòrùn nítorí ẹnìkan ṣoṣo. Èmi náà wà níbẹ̀. Ohùn tẹ́nọ̀ ni mo ń kọ, orí sì fọ́ mi di ọjọ́ kejì.

Wọ́n pe àwa akọrin sí ìdúpẹ́ ìkórè ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin. Oṣù méjì gbáko la fi kọ́ orin kan. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ló yẹ ká gbéra, aago mẹ́jọ náà la sì gbéra, èyí tó yẹ kó ti já wa láyà. A ti rìn tó ìdajì ọ̀nà nígbà tí Bàbá Albert yà sí iwájú ilé epo kan tí wọ́n ti pa tì. Ó pa ọkọ̀, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí wa. Nígbà tó kà á tán láti iwájú lọ sẹ́yìn, ó tún kà á láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú.

"Ọgbọ̀n lẹ jẹ́," ó ní. "Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n sọ fún mi."

A wo ara wa. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kù. Màmá Jessica, olórí àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, tó máa ń jókòó níwájú pátápátá, ní bóyá ó ṣì í kà ni. Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹnìkan láàrin àwọn tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ tó sọ pé àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, bóyá Adélékè ló máa ń jókòó síbẹ̀.

Adélékè ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ lọ sókè òkun, kò padà, kò sì pè mọ́. Láti ìgbà náà, ó ń wá sí ìdánrawò, ó ń jókòó lẹ́yìn, ó sì ń kọrin bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun. Ọdún mẹ́ta ló ti wà bẹ́ẹ̀ láàrin wa.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ," Màmá Jessica ní. "Àgbàlagbà ni. Yóò wọ ọkọ̀ bá wa níbẹ̀."

"Ta ló sọ fún un pé kó wọ ọkọ̀ bá wa?" Bàbá Albert bi í.

"Ta ló ní kó má tètè dé?"

Bàbá Albert yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó sọdá sí òdìkejì títì, ó dá ọ̀kadà kan dúró. "Ẹ má kúrò níbẹ̀ o," ó ké sí wa, bí ẹni pé a níbi tí a fẹ́ lọ.

Wákàtí méjì. Ilé epo náà ní òpó mẹ́rin, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣí páànù orí rẹ̀ kó lọ. Kò sígi, kò sẹ́ni tó ń ta omi. Ìwé orin la kọ́kọ́ fi ń fẹ́ ara wa. Nígbà tó yá, a bọ́ aṣọ akọrin, a nà án sórí bí àtíbàbà. Màmá Jessica pe Fíkà, àlùfáà ìjọ wa, lórí fóònù nígbà mọ́kànlá, Fíkà kò gbé e, nítorí ó ti wà ní Ìmùṣin, ó jókòó níwájú ìjọ onílé, ó ń wo ẹnu ọ̀nà.

Níkẹyìn, a rí ọ̀kadà náà tó ń bọ̀ pẹ̀lú èèyàn mẹ́ta. Bàbá Albert ló wà lẹ́yìn pátápátá, Adélékè wà láàrin, aṣọ akọrin rẹ̀ sì ń fẹ́ lu Bàbá lójú débi pé kò ríran. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni Adélékè lọ láti tọ̀, ìgbà tó jáde, bọ́ọ̀sì ti lọ. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì kúrò níbẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò pe ẹnìkan?" mo bi í nígbà tó jókòó sínú ọkọ̀. "Nọ́ńbà mi wà lọ́wọ́ yín."

"Mo rò pé ẹ mọ̀ pé mi ò sí níbẹ̀ ni," ó ní.

A gbéra, a dé Ìmùṣin. Wọ́n ti ń ká àga. Àwọn obìnrin márùn-ún kan ń fọ ìkòkò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn la kọrin fún, àwọn àti Fíkà àti ewúrẹ́ kan. Orin oṣù méjì. Adélékè tí a dúró dè fún wákàtí méjì dúró sí ìlà ẹ̀yìn, ó kàn ń la ẹnu lásán, nítorí pẹ̀lú gbogbo ìdánrawò yẹn, kò mọ orin náà.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ìgbìmọ̀ ìjọ jókòó lé e lórí. Màmá Jessica fi ogún ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀. Fíkà Bọ̀wálé, oníwà pẹ̀lẹ́ tí kì í fẹ́ ìjà, yíjú sí Bàbá Albert, ó ní kí ó sọ tẹnu ẹ̀.

"Fíkà," Bàbá Albert ní, "ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ wàásù nípa ọkùnrin tó ní ọgọ́rùn-ún àgùntàn?"

"Mo rántí."

"Ẹ ní ó fi mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún sílẹ̀ nínú aginjù, ó lọ wá ẹyọ kan tó sọnù."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Èmi, ọgbọ̀n péré ni mo fi sílẹ̀. Mi ò sì fi wọ́n sí aginjù, ilé epo ni."

Fíkà fọwọ́ pa iwájú orí ara rẹ̀. "Bàbá," ó ní, "ìwàásù ni mo ń ṣe. Mi ò mọ̀ pé ẹ ń gbọ́."

Inú bí Màmá Jessica gan-an. Ó ní òun ti gbọ́ ìwàásù yẹn láti kékeré, kò sì sẹ́ni tó sọ bí àwọn mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún yẹn ṣe ṣe é nínú aginjù fún òun rí. Ṣé oòrùn ò pa wọ́n ni? Ṣé àwọn kì í ṣe àgùntàn ni? Ìbéèrè gidi ni. Wọ́n kìlọ̀ fún Bàbá Albert, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì lọ sílé. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ gbé Adélékè nílé, ilé Adélékè sì wà ní apá ibi tí bọ́ọ̀sì wa kì í gbà rárá.

Ibẹ̀ ni ìyà wa ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Albert mú ìwé àwọn ọmọ ìjọ, ó wá orúkọ gbogbo àwọn tí kò wá mọ́, ó sì ń yà sílé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, pẹ̀lú gbogbo wa nínú ọkọ̀. Kì í wàásù fún wọn. Kì í bi wọ́n pé kí ló dé. Á kanlẹ̀kùn, á wọlé, á jókòó. Bí o bá ní o ò lọ, á ní kò burú, á sì tún jókòó sí i. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí ìyàwó rẹ̀ kú, tó sì ní òun ò bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ mọ́, gbìyànjú púpọ̀ láti má lọ. Ogójì ìṣẹ́jú ló fi jókòó wo Bàbá Albert. Nígbà tó yá, ó dìde lọ wọ ṣòkòtò. Ó sọ fún wa nínú ọkọ̀ pé kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ òun àti Ọlọ́run ti yanjú o, ẹ̀pà òun ni Bàbá fẹ́ jẹ tán.

Ó máa ń ṣì í ṣe pẹ̀lú. Ó lọ gbé obìnrin kan tí a ò rí láti ọdún méjì, obìnrin náà tẹ̀ lé e wọ ọkọ̀ nítorí ìtìjú. Nígbà tí a fẹ́ gbéra, ọkùnrin kan sáré bọ̀ pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, ó ń kan gíláàsì ọkọ̀. Pásítọ̀ tó wá gbé obìnrin náà ni. Obìnrin náà kò sọnù. Ó ti di díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn, òun ló sì fẹ́ gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn lọ́jọ́ náà.

Ti Alhaji Mọ́rúfù ló burú jù. Alhaji Mọ́rúfù ń ta páànù. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ó dúró ní oríta nínú agbádá funfun, ó ń retí awakọ̀ rẹ̀ kó wá gbé e lọ síbi yìgì kan ní Odògbolú. Bàbá Albert rí àgbàlagbà tó dá dúró, tó ń wo ọ̀nà tí ojú rẹ̀ ò dùn. Ó dúró, ó ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ wọlé, Bàbá," ó ní. "Ẹ má dá nìkan dúró síbẹ̀."

Alhaji wo inú ọkọ̀, ó rí àwọn èèyàn nínú léèsì, ó rò pé àwọn ẹbí ìyàwó ló rán ọkọ̀ wá gbé àlejò. Ó wọlé, ó kí gbogbo wa dáadáa, ó jókòó, ó mú tẹ̀sùbáà jáde. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Àwa ti rí oríṣiríṣi èèyàn nínú ọkọ̀ yẹn, a rò pé ọ̀kan nínú wọn ni. Ìgbà tí a dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì tí aago bẹ̀rẹ̀ sí í dún lókè ni Alhaji wò yíká, ó sì rọra bi Màmá Jessica pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Odògbolú nìyí?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Bàbá Albert débi pé kò dúró. Ó yí ọkọ̀ padà lójú ẹsẹ̀, ó ń sáré lọ sí Odògbolú, pẹ̀lú èèyàn mọ́kànlá tí kò tíì sọ̀ kalẹ̀. Àwọn mọ́kànlá náà padà dé nígbà tí a ń gba oore-ọ̀fẹ́ lọ sílé, òórùn ìrẹsì àti ẹran sísun sì ń jáde lára wọn. Títí di òní, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ̀rọ̀ Bàbá Albert ní búburú. Alhaji náà kò bínú. Bí bọ́ọ̀sì wa bá ti ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á ti gbọ́wọ́ sókè láti ọ̀nà jíjìn: "Mi ò sọnù o, Bàbá Albert. Ẹ máa lọ."

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń káàánú wa, ẹ káàánú Rachel ìyàwó rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ó máa ń se ìkọ́kọrẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ó ń sè é fún èèyàn méjì, láti ọjọ́ tí ọmọ wọn Bọ́dúnrìn sì ti kúrò nílé, kò sí ọjọ́ kan tí èèyàn méjì jẹ ẹ́. Bàbá á kó Adélékè bọ̀, á kó tíṣà bọ̀, á kó ẹnìkan tí òun pàápàá ò mọ orúkọ rẹ̀ bọ̀.

"Bàbá Bọ́dúnrìn," Rachel sọ fún un lọ́jọ́ kan lójú gbogbo wọn, "èmi náà máa sọnù lọ́jọ́ kan, kí n lè rí ẹ kí o wá jókòó tì mí."

Ó ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. "Kọ́kọ́ sọ ibi tí o máa wà fún mi," ó ní. "Orúnkún ń dùn mí."

Rachel rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀, lẹ́yìn náà inú bí i pé ó rẹ́rìn-ín, ó sì kó abọ́ lọ sẹ́yìn ilé.

Gbogbo èyí, a fara dà á. Ohun tí a ò rò pé a lè fara dà ni ọ̀rọ̀ Jessica.

Jessica ni ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá Jessica bí. Ohùn òkè ló ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin, ó sì ń kàwé ní yunifásítì tó wà ní Ìjàgun. Lójijì, a ò rí i mọ́. Ìyá rẹ̀ ní ó ti lọ sí Kánádà. Ó lé lọ́dún kan tó fi ń sọ fún wa bí òtútù ṣe ń mú un níbẹ̀. A gbà á gbọ́. Mo rántí pé èmi gan-an bi í bóyá Jessica lè bá ẹ̀gbọ́n mi wá iṣẹ́.

Jessica kò kúrò ní Ìjàgun. Ó lóyún, ọmọkùnrin tó fún un lóyún pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù, ìyá rẹ̀ sì ní kó má gbé ikùn náà wọlé òun. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ìyá náà bó ti rí: òun ló máa ń bá àwọn ọmọbìnrin ìjọ sọ̀rọ̀ nípa ìwà mímọ́. Ogún ọdún ló fi ń sọ ọ́. Kò mọ bí òun ṣe máa jókòó síwájú wọn mọ́.

Bàbá Albert ló rí Jessica lójú ọ̀nà ní Ìjàgun, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó bẹ Bàbá pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, Bàbá sì ní òun ò ní sọ. Oṣù mẹ́fà ló fi ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ nínú kúlà. Rachel rò pé Adélékè ló ń gbé ọbẹ̀ náà lọ fún. Jessica fúnra rẹ̀ ló padà sọ fún wa pé, tó bá dé, á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, á gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, kò sì ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ kan, Jessica bi í bóyá ìyá òun máa ń bèèrè òun.

Bàbá Albert kì í purọ́. "Ó máa ń sọ pé òtútù ń mú ẹ," ó ní.

Jessica ní òun sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Lẹ́yìn náà ló sọ fún Bàbá pé bí ìyá òun bá wá, òun á jáde sí i, ṣùgbọ́n kò ní wá.

Kò yẹ kéèyàn sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá Albert. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bọ́ọ̀sì kún, Màmá Jessica jókòó níwájú bí ìṣe rẹ̀, ọkọ̀ sì yà sí ọ̀nà Ìjàgun. Bàbá dúró níwájú ilé kan tó ní géètì aláwọ̀ búlúù, ó pa ọkọ̀. Kò tẹ fèrè.

"Ta là ń dúró dè níbí?" Màmá Jessica bi í.

Bàbá ń wo iwájú. Nígbà náà la rí Jessica nínú àgbàlá tó wá sá aṣọ ọmọ. Ó rí bọ́ọ̀sì, ó dúró, aṣọ kékeré kan ń kán omi lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo wa rí i. Ìyá rẹ̀ rí i. Lẹ́yìn náà ni ìyá náà yí ojú sí gíláàsì iwájú, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Bàbá ṣáná sí ọkọ̀, ó gbé wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ibẹ̀ náà ni. A rò pé Màmá Jessica ò ní wọ bọ́ọ̀sì mọ́, ṣùgbọ́n ó wọ̀ ọ́. Ó ní àyè iwájú ti jẹ́ tòun láti ọdún mọ́kànlá, kò sì sí awakọ̀ tó lè lé òun kúrò níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta, Fíkà pe Bàbá Albert.

"Mi ò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, Fíkà," Bàbá ní. "Mo kàn ń gba ibẹ̀ kọjá ni."

"Wọ́n ní ẹ máa ń dúró níbẹ̀."

"Ẹ́ńjìnnì máa ń gbóná."

"Ṣé ibẹ̀ nìkan ló ti máa ń gbóná?"

"Ibẹ̀ nìkan ni."

Èmi náà lọ bá a. Mo sọ fún un pé ohun tó ń ṣe kò dára, pé ó ń dójú ti obìnrin náà níwájú gbogbo wa. Mo rò pé á bá mi jiyàn. Ó jókòó sórí táyà àtijọ́ kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó dà bí ẹni tó ti rẹ̀.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn, ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àìkú báyìí, aṣọ tí kò dọ̀tí ló ń fọ̀, kó lè rí nǹkan sá nígbà tí ìyá ẹ̀ bá kọjá."

Mo padà sílé pẹ̀lú ìbínú, mi ò sì mọ ẹni tí mo ń bínú sí.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin, Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá gbọ́wọ́ lé àwọn ọmọ wa lórí. Màmá Jessica ló máa ka ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀. A bẹ Bàbá Albert láti alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta pé kó jọ̀ọ́, kó gba ọ̀nà tààrà lọ́jọ́ kan péré. Ó ní òun gbọ́. Nígbà tó di àárọ̀, ó yà sí Ìjàgun. Ariwo sọ nínú ọkọ̀. Tíṣà dìde, ó ní òun á fẹsẹ̀ rìn. Kò rìn, nítorí bàtà tuntun ló wọ̀.

Bàbá pa ọkọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Ogún ìṣẹ́jú kọjá. Gbogbo wa ń wo aago. Jessica wà nídìí okùn aṣọ, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó sá ṣẹ́ẹ̀tì kékeré kan, ó yọ ọ́, ó tún sá a.

Màmá Jessica ṣílẹ̀kùn. Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú gèlè ńlá àti àpò àti bàtà funfun, ó tẹ ẹrẹ̀ kọjá, ó ti géètì náà wọlé. A rò pé ìjà ló fẹ́ jà. Ohùn rẹ̀ le, gbogbo wa ń gbọ́ ọ.

"Jessica, jọ̀ọ́, wá wọ ọkọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù ti dé, bàbá yìí ò ní gbéra, èmi ò sì lè máa fi gbogbo ayé mi jókòó síwájú ilé yìí."

"Màámi, ẹ káàárọ̀ mà," Jessica ní. Ó ti kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Mi ò tíì múra."

"Èyí tó wà lọ́rùn ẹ dáa."

"Ọmọ ńkọ́, mà?"

Ìyá náà rìn yí i ká, ó dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Ọmọ náà wò ó, ó wo gèlè rẹ̀.

"Ta ló kọ́ ẹ pé bí wọ́n ṣe ń pọn ọmọ nìyí?" Màmá Jessica bi í. "Wo bí ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣe há."

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Màámi."

Màmá Jessica gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀ sórí ẹrẹ̀. Ó tú ọ̀já náà, ó gba ọmọ, ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn ara rẹ̀, sórí aṣọ tó rà nítorí Bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀ẹ̀mejì ló de ọ̀já náà kó tó mú.

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Tìmílẹ́yìn, mà."

Ìyá rẹ̀ na ọwọ́, ó fà á dìde kúrò nínú ẹrẹ̀, wọ́n sì jọ ń bọ̀. Adélékè ló kọ́kọ́ dìde fún Jessica kó jókòó. Màmá Jessica padà sí àyè rẹ̀, ó jókòó sí etí àga nítorí ọmọ, ó sì sọ fún Bàbá Albert láìwo ojú rẹ̀ pé kó máa wakọ̀ o jàre.

"Ẹ jẹ́ kí n ka orí yín ná," Bàbá ní.

Gbogbo ọkọ̀ ló pariwo mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà.

A bá Bíṣọ́ọ̀bù níbi ìbùkún ìkẹyìn. Màmá Jessica ka ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ fún ẹni tó ti ń lọ, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀ àti ẹrẹ̀ lára bàtà. Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn ìyẹn, ó fi oṣù mẹ́ta gbáko yan Bàbá Albert lódì. Tó bá ní ọ̀rọ̀ bá a sọ, Jessica ló máa ń rán.

Nígbà òjò ọdún tó kọjá ni ọkàn Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Dókítà ní kó má wakọ̀ mọ́. Ó kó kọ́kọ́rọ́ fún Fíkà, ó dùbúlẹ̀ sínú pálọ̀ rẹ̀, ilé sì kún. Àwọn tó ti jókòó tì rí ní ọdún wọ̀nyí wá jókòó tì í, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Àga tán nílé Rachel. Alhaji Mọ́rúfù kó àga ike méjìlá wá láti ṣọ́ọ̀bù, ó sì jókòó lórí ọ̀kan. Màmá Jessica máa ń wá láti wo bóyá ó lo oògùn rẹ̀ lásìkò, tí kò bá sì tíì lò ó, á bá a jà, Tìmílẹ́yìn á sì máa gun ẹsẹ̀ Bàbá lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó sú Bàbá. Ó bẹ Rachel pé kó sọ fún wọn pé òun ti sùn. Rachel ní òun ò ní purọ́ nítorí ẹ̀, pé ohun tó fẹ́ nìyí. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ojú tó le, ó sì jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀ fún un.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ló lọ, ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Rachel di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ìtùnú, ọmọbìnrin tí ìgbìmọ̀ gbà sí ipò rẹ̀, mọ ọkọ̀ wà, ó sì mọ aago. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsìnkú, ó gbé wa dé ṣọ́ọ̀ṣì ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀, nígbà tí ìsìn di aago mẹ́sàn-án. Wọn ò tíì ṣí ilẹ̀kùn. A sọ̀ kalẹ̀, a dúró lábẹ́ igi máńgòrò, a ò mọ ohun tí a lè ṣe. Ìrì ṣì wà lórí koríko. Fíkà gba ọ̀dọ̀ wa kọjá pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ tó fi jẹun àárọ̀ lọ́wọ́, ó wò wá bí ẹni pé ó ṣì ọjọ́ mọ̀.

Màmá Jessica wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú ọ̀nà. "Ẹ ò rí i bí a ṣe tètè dé," ó ní, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ débi pé Jessica bojú wò ó. A dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi wá ṣílẹ̀kùn. Aṣọ wa ò rún, oòrùn ò pa wá, ebi ò pa wá. Kò sí ẹnìkan láàrin wa tó ń bínú sí ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ la sì ṣe mọ̀ nítòótọ́ pé Bàbá Albert ti lọ.